Kí Lẹ́tà Kejì Tó Dé

Bẹ́ ẹ bá dárúkọ Akeem Olajuwon láàárín àwọn tó fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ yìí, ife ẹ̀yẹ NBA méjì tó gbà pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995 ni wọn yóò kọ́kọ́ kà fún yín. Àwọn tó mọ ìtàn náà jinlẹ̀ yóò fi alẹ́ Albuquerque ní 1983 kún un, ìgbà tó ṣì wà ní Yunifásítì Houston, tí yunifásítì North Carolina State gba ife gbogbo Amẹ́ríkà mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n ìdíje kan wà tó ṣáájú Albuquerque ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí pé òun ló kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Pàkátà, ní Ìlọrin, nínú àpòòwé tí etí ẹ̀ ní ìlà pupa àti búlúù.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí ní 1983. Aṣọ òkè ni bàbá mi ń hun. Òfì wọn wà lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé. Òwú tí wọ́n ta sílẹ̀ máa ń nà gbọọrọ títí dé etí ọ̀nà, òkúta ló ń di ìdí ẹ̀ mú, kò sì sí ọmọ kan nínú agboolé tí kò mọ̀ pé a kì í sáré gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá, ti wà ní Houston láti 1979, ó ń kàwé. Náírà lágbára nígbà náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì kún Texas.

Bàbá ò ní àpótí lẹ́tà tiwọn. Àpótí ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ olùkọ́ ni Bùrọ̀dá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Èmi ni mo máa ń lọ wò ó láràárọ̀ Sátidé. Màá fẹsẹ̀ rìn láti Pàkátà dé Pósófíìsì, màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tíṣà, màá ṣí i, màá tì í padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfìfo ni. Bí lẹ́tà bá wà níbẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ ya á lọ́nà. Yorùbá ni Bùrọ̀dá fi ń kọ ọ́ nítorí Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá ò mọ ìwé kà ju ti kéwú lọ, nítorí náà èmi ni mo ń kà á sókè fún gbogbo ilé. Wọn ò ní kúrò lórí òfì o. Wọ́n á máa hunṣọ lọ, wọ́n á ní, "Ó yá, kà á." Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ wọn, ìtẹsẹ̀ á máa yára sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fi jẹ mí lógún. Nẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kọ́ àwa ọmọbìnrin nílé-ìwé. Básíkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn oníròyìn ń pè ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ti àwọn ọkùnrin ni. Pápá sìmẹ́ǹtì kan ló wà níbẹ̀, rímù méjì, ọ̀kan ti tẹ̀, kò sì sí àwọ̀n lára èkejì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gùn, mo sì ga ju púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà lọ. Ìyáàfin tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá rí i, wọ́n sì gba àwa mẹ́fà láyè pé nígbàkígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ tán, ká máa lo pápá náà. Ó máa ń ku díẹ̀ kílẹ̀ ṣú. Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti wọ̀ mí lára tí kò jáde mọ́.

Mo ti sọ ọ́ fún Bùrọ̀dá nínú lẹ́tà kan. Òun náà kọ̀wé padà pé ọmọ Yorùbá kan, ọmọ Èkó, ń gba básíkẹ́ẹ̀tì fún Yunifásítì Houston, ó ga bí òpó iná, ọdún 1980 ló dé, bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ń gbá nílé kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ó gé àwòrán ẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn fi sínú àpòòwé. Wọ́n kọ "Akeem Abdul Olajuwon" sísàlẹ̀ ẹ̀ láìsí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ ni mo pè é jáde: Ọlájuwọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín. Àáfà kan tó bá wọn jókòó lọ́jọ́ náà gba bébà yẹn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní orúkọ ọmọ náà kù lẹ́tà kan, pé Hakeem ni, ọlọ́gbọ́n, Ọlọ́run ló ni orúkọ náà, èèyàn á kàn jẹ́ ìránṣẹ́ ẹ̀. Ní 1991 tí mo gbọ́ pé Akeem ti sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa fi H ṣáájú orúkọ òun, Àáfà wa ni mo kọ́kọ́ rántí. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Pàkátà ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, 1983, Sátidé, ni mo ṣí àpótí tí mo bá lẹ́tà tó nípọn. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ni Bùrọ̀dá kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́ta àbọ̀ ni. Ó ní òun àti ọmọ Nàìjíríà méjì wa ọkọ̀ láti Houston lọ sí Dallas, ìrìn wákàtí mẹ́rin, torí pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí Akeem níbi tí wọ́n ti ń du ife ẹ̀yẹ Southwest Conference.

Ó ṣàlàyé fún Bàbá. Yunifásítì mẹ́sàn-án ló wà nínú kọ́ńfáráǹsì náà, ìyẹn àgbájọ àwọn yunifásítì tó ń bá ara wọn díje. Texas ni mẹ́jọ wà. Arkansas nìkan ló wà lẹ́yìn odi. Jálẹ̀ sáà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á bá ẹnì kejì pàdé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lóko. Èyí jẹ́ ìdíje mẹ́rìndínlógún. Houston sì jáwé olúborí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ki bọ́ọ̀lù bọ inú rímù látòkè wá ló mú kí oníròyìn kan ní Houston sọ wọ́n ní Phi Slama Jama. Akeem wà níbẹ̀, Clyde Drexler wà níbẹ̀, Michael Young, Larry Micheaux. Guy V. Lewis ni kóòṣì wọn, àgbàlagbà kan tó máa ń di tówẹ́lì pupa àti funfun mú nígbà tí ara ẹ̀ ò bá balẹ̀.

Níbi tí mo kà á dé nìyẹn tí Bàbá fi dá mi dúró.

"Ó ní wọ́n ti na gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì-méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló wá kù tí wọ́n tún ń dù?"

Ó jọ pé Bùrọ̀dá ti mọ̀ pé wọ́n á béèrè, torí ó kọ ọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó ní lẹ́yìn tí sáà bá parí, àwọn ẹgbẹ́ á tún máa pàdé fún ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá pàdánù á máa relé. Ẹni tó bá gba ife yẹn ti gba ìwé ìwọlé sínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà, bó ti wù kí sáà ẹ̀ burú tó. Ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ti kùnà.

Bàbá ta ọkọ̀ òwú kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó dáhùn. "Ẹnu ọ̀nà yẹn léwu fún ẹni tó wà nínú ilé."

Mo kàn ń kánjú kí n dé ibi ayò ni. Ní Reunion Arena, Houston bá Texas Christian University (TCU) pàdé ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ yìí ò sí lára àwọn tí èèyàn ń bẹ̀rù, Jim Killingsworth ni kóòṣì wọn, bí wọn ò bá sì gba ife yẹn, kò dájú pé wọ́n á rí ibì kankan wọ̀ nínú ìdíje ńlá. Houston ní àádọ́ta-lé-méjìlá, TCU ní àádọ́ta-lé-mẹ́sàn-án. 62–59.

Mo pariwo. Àwọn àbúrò mi pariwo, wọn ò mọ ohun tá à ń pariwo sí. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n mú ọmọ orógùn lọ́wọ́ jáde, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní Akeem ti gba ife.

Bàbá nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ní, "Mẹ́ta péré?"

"Mẹ́ta ni, Bàbá."

"Ẹni tó ti nà án lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n mi orí. "Mẹ́ta kò pọ̀."

Inú bí mi díẹ̀. Lójú tèmi nígbà yẹn, ẹni tó bá borí ti borí.

Bùrọ̀dá parí lẹ́tà náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó ní àwòrán inú ìwé ìròyìn ò ní àwọ̀, kí n sọ fún Bàbá pé pupa àti funfun ni àwọ̀ Houston, pupa tó jin. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń wọ aṣọ wọn wá síbi ìdíje, òun náà fẹ́ dé nǹkan tó wá láti ilé. Bàbá ní kí n tún un kà, pupa tó jin. Wọ́n ní, "Àlàárì nìyẹn." Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé fìlà àtijọ́ kan tí Bùrọ̀dá fi sílẹ̀ jáde, wọ́n fi okùn wọn ẹnu ẹ̀ yí ká, wọ́n ta kókó sí i. Okùn yẹn ni wọ́n so mọ́ ara òpó àtíbàbà.

Mo mú lẹ́tà náà lọ sílé-ìwé nígbà tí a wọlé. Mo kà á fún àwa mẹ́fà lórí pápá sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin ní kí n kà á fún àwọn náà. Ọmọ Sábó Òkè kan nínú wọn mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 62–59 gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn rímù. Òjò tó rọ̀ ò pa á rẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, wọ́n gba àwa obìnrin láyè láti bá wọn ṣeré kí oòrùn tó wọ̀. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò mú bọ́ọ̀lù tó bá ta padà láti ara rímù: kéèyàn kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn dí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kó tẹ orúnkún, kó tó gbé ọwọ́ sókè. Bùrọ̀dá ti yà á sínú lẹ́tà náà, èèyàn méjì tó fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, ọ̀kan tẹ̀ síwájú èkejì. Àwòrán yẹn ni kóòṣì mi àkọ́kọ́.

Báyìí ni Akeem ṣe wà nípò ọba ní Ìlọrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí mo ṣí àpótí, ọ̀rọ̀ ti yí. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, ọjọ́ Mọ́ńdè, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá gbogbo Amẹ́ríkà ní Albuquerque. Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá kí èmi tó máa pariwo ní Pàkátà.

Lẹ́tà kejì dé ní ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún. Ó fúyẹ́. Mo mú un délé, Bàbá wà lórí òfì, aṣọ fìlà Bùrọ̀dá ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Àlàárì ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ń fi òwú funfun dá ìlà sí i ní ìbú, ìka méjì-méjì ni wọ́n ń wọ̀n láàárín ìlà kan sí èkejì. Kò ní ju ìdajì lọ tí wọ́n ti hun. Wọ́n ní, "Ó yá, kà á."

Bùrọ̀dá ò kọ ju ojú ewé kan lọ. Ó ní 54–52. Ó ní ẹgbẹ́ tó na Houston kò yẹ kó dé ibẹ̀ rárá, ìdíje mẹ́wàá ló ti pàdánù nínú sáà kan ṣoṣo. Ó ní ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà wọlé.

Mo gbọ́ tí ìtẹsẹ̀ dúró. Mo gbójú sókè. Ọwọ́ Bàbá wà lórí òwú, wọn ò wo mi, wọn ò wo òfì. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n parí ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo fi máa ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa ọ̀sẹ̀ yẹn ní oṣù Kẹta 1983, ó sì ṣì ń ká mi lára bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí Akeem wà ní Dallas, kọ́ńfáráǹsì mìíràn tó ń jẹ́ Atlantic Coast Conference ń du ife tiwọn ní Atlanta, nínú ilé ìṣeré tí wọ́n ń pè ní The Omni. North Carolina State wà níbẹ̀. Jim Valvano ni kóòṣì wọn. Dereck Whittenburg, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n jù lọ nínú wọn, ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe láàárín sáà, kò tíì pẹ́ tó padà. Bí wọ́n bá pàdánù, sáà wọn lè parí síbẹ̀. Àmì ayò kan péré ni wọ́n fi la ìdíje àkọ́kọ́ já, 71–70, lọ́wọ́ Wake Forest. Wọ́n bá North Carolina, ẹgbẹ́ Michael Jordan àti Sam Perkins, pàdé lọ́jọ́ kejì, wọ́n dọ́gba, wọ́n fi àkókò kún un, State borí, 91–84. Ní àṣekágbá, Virginia ni, Virginia tí Ralph Sampson, ẹni tó ga jù lọ nínú gbogbo wọn, ń gbá fún. 81–78. Mẹ́ta. Mẹ́ta kan náà tí Bàbá mi ní kò pọ̀.

Ẹ wò ó. Ní Dallas, ẹni tó wà nínú ilé fi mẹ́ta dí ẹnu ọ̀nà mọ́ TCU. Ní Atlanta, wọn ò rí i dí. Ẹni tó bá ibẹ̀ wọlé kò dúró mọ́. Ó na Pepperdine lẹ́yìn tí wọ́n fi àkókò kún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi àmì ayò kan na Virginia, 63–62, títí tó fi dé iwájú Akeem. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé Albuquerque ni Akeem ti pàdánù ife yẹn, ohun tí mo máa ń rò lọ́kàn mi ni pé ní Atlanta ni, níbi tí òun fúnra ẹ̀ ò sí.

Àwọn ará North Carolina State mọ iyì ẹnu ọ̀nà yẹn ju ẹlòmíì lọ. Ní 1974, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo péré ló lè ti inú kọ́ńfáráǹsì kan lọ sí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. State àti Maryland wà lára àwọn tó dára jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún náà, inú kọ́ńfáráǹsì kan náà ni wọ́n sì wà. Wọ́n pàdé ní àṣekágbá ní Greensboro, wọ́n dọ́gba, wọ́n fi àkókò kún un, State ní 103, Maryland ní 100. State lọ, ó sì gba ife gbogbo Amẹ́ríkà. Maryland relé pẹ̀lú gbogbo bó ṣe dára tó. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn èèyàn débi pé láti 1975, wọ́n yí òfin náà padà, ẹgbẹ́ tó ju ọ̀kan lọ láti inú kọ́ńfáráǹsì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè.

Bùrọ̀dá wá sílé ní 1989, ó mú fídíò kásẹ́ẹ̀tì Albuquerque dání. Ilé aládùúgbò kan tó ní ẹ̀rọ fídíò la ti wò ó, a sì ti lọ bẹ̀ wọ́n ṣáájú kí iná tó dé. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà. Mo mọ bó ṣe parí, síbẹ̀ àyà mi ń lù. State ló ṣáájú kí wọ́n tó lọ sinmi, 33–25. Nígbà tí wọ́n dé, Houston gbá a bí iná ọyẹ́, wọ́n gba iwájú. Ìgbà náà ni Lewis ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n máa di bọ́ọ̀lù mú. Kò tíì sí aago tó ń lé èèyàn láti ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje yẹn lọ́dún náà, ẹni tó bá fẹ́ lè dì í mú títí. Valvano ní kí àwọn ọmọ tirẹ̀ máa ṣe fáwùlù sí wọn, torí ó mọ̀ pé Houston ò mọ fírí-túrò jù, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí ẹni tí wọ́n ṣe fáwùlù sí máa ń jù. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n jù, mẹ́wàá ló wọlé. Mo bá ara mi tó ń kà á sókè nínú yàrá yẹn, àwọn tó kù ń wò mí.

Ti ìparí ẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Whittenburg jù ú láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù náà ò tó rímù, Lorenzo Charles ti State gbá a mú lófuurufú, ó sì ki bọ́ọ̀lù náà bọ inú rímù. Akeem wà nítòsí, ó gbójú sókè, kò fò. Bùrọ̀dá dá kásẹ́ẹ̀tì dúró síbẹ̀, ó ní, "Ó rò pé á kan rímù." Mo rántí àwòrán onílà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yà sí mi nínú lẹ́tà, èèyàn méjì, ọ̀kan tẹ̀ síwájú èkejì. Akeem ni wọ́n yàn ní ẹni tó dára jù lọ nínú ìparí ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdánù. Ogún àmì ayò ló gbà lálẹ́ yẹn, ó sì mú bọ́ọ̀lù tó ta padà méjìdínlógún. Ọdún mélòó kan ṣáájú ni kò tíì fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rí. Mi ò mọ ohun tó tún yẹ kéèyàn béèrè lọ́wọ́ ọmọ èèyàn ju ìyẹn lọ.

Bàbá hun aṣọ fìlà náà parí. Aránṣọ kan ní Ọjà Ọba rán an, ẹnì kan tó ń lọ sí Texas bá wa mú un lọ. Ní oṣù Kẹta 1984, Bùrọ̀dá dé e lọ sí The Summit ní Houston, wọ́n tún ń du ife Southwest Conference. Drexler ti lọ sí NBA. Arkansas ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá. Houston borí, 57–56. Ẹyọ kan! Mo ka lẹ́tà yẹn fún Bàbá, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín sínú, wọn ò sọ nǹkan kan. Georgetown àti Patrick Ewing ló dá Akeem dúró ní Seattle lọ́dún náà, 84–75, lẹ́yìn ẹ̀ ni Rockets mú un ṣáájú gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ NBA, Michael Jordan náà sì wà láàárín wọn.

Wọ́n ti tú Southwest Conference ká láti 1996. Wọ́n ti wó The Omni ní 1997, wọ́n wó Reunion Arena náà ní 2009. Nílé níbí, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wa, Kwara Falcons, ti gbé orúkọ Ìlọrin dé BAL, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà, ní Dakar ní 2023. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ti àkọ́kọ́, mo kó àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá tí mo ń kọ́ jọ síwájú fóònù kan. Wọ́n mọ Olajuwon láti orí YouTube. Wọn ò mọ Dallas. Èmi náà ò fojú rí Dallas, ẹnu lẹ́tà ni mo ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ nínú gbogbo ife tí Akeem gbà, òun ló sún mọ́ mi jù, torí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí ẹni tó nà án ní Ìlọrin.

Bàbá ti jáde láyé láti 2001. Bùrọ̀dá wá ṣọdún Iléyá lọ́dún tó kọjá, ó ti darúgbó, ó sì gbé fìlà yẹn fún mi. Ó ní ọwọ́ mi ló yẹ kó wà. Àlàárì ẹ̀ ti ṣá níwájú níbi tí òógùn ti ń gbà á, ṣùgbọ́n tó o bá yí i sódì, ó ṣì pupa bí ọjọ́ tí wọ́n hun ún. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn ìlà funfun ẹ̀. Ìka méjì, ìlà kan. Ìka méjì, ìlà kan. Lókè etí òsì, mo dé ibì kan tí ìlà méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, èékánná mi ò lè wọ àárín wọn. Lẹ́yìn ẹ̀, ó tún padà sí ìka méjì. Wọn ò tú u.